Bí Mo Ṣe Ń Pàṣẹ fún Ẹ̀gbọ́n Mi ní Dagenham

Kí n tó délé ni ìròyìn mi ti délé. Wọ́n ní èmi Bọ́sẹ̀, oníbúrẹ́dì Ìjẹ̀bú-Igbó, ń já orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lójú ní ìta gbangba ní ìlú ọba, wọ́n ní mo sì ń pàṣẹ fún un bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́. Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ́ùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ bí ìrìn-àjò náà ṣe lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi lè mọ ohun tó ń bú mi lé lórí.

Dídé

Òjò ló pàdé mi. Kì í ṣe irú òjò tiwa tí í fi ìbínú rọ̀ tí á sì dá. Òjò ìlú náà a máa ṣẹ́ wínníwínní láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní le, kò sì ní dá.

Títí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Nọ́ọ̀sì ni, Leeds ló sì ń gbé, ìlú kan tó jìnnà sí London. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Auntie mi! Ẹ káàbọ̀ o. You must be freezing, jọ̀ọ́ ẹ wọ kóòtù yìí." Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, ìlú ọba ni wọ́n sì bí i sí, nítorí náà mi ò bá a wí.

Inú rélùwéè ló ti là á yé mi. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀, Lucía, ní eegun ìbàdí. Bàbá rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, ti ní àìsàn ìgbàgbé, kò sì ṣeé fi sílẹ̀ ní òun nìkan. "Auntie, it's like this," ó ní. "If nobody can manage Daddy at home, káńsù máa gbé e lọ sí care home. And if he goes in, I don't think he's coming out. It will finish Mummy, I swear."

Ìjọba ìbílẹ̀ wọn ni káńsù, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó sì ni care home. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi tí mò ń darí àwọn ọmọ iṣẹ́ ní bẹ́kárì láti ìdájí, ṣé arúgbó kan ló máa wá ṣòro fún mi?

Nínú rélùwéè yẹn, kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni. Mo kí obìnrin tó jókòó tì mí, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Nígbà tí a dé Dagenham East, ìtòsí ilé ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin yìí kan náà ló bá mi gbé àpò mi sọ̀kalẹ̀ kí Títí tó yíjú. Wọn kì í kí 'ni, ṣùgbọ́n wọn a máa ran 'ni lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè fi èkíní jì wọ́n nítorí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bọ̀dá Káyọ̀dé jẹ́ sí mi. Àkọ́bí ìyá wa ni, èmi sì ni àbígbẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló dúró bíi bàbá fún mi kó tó lọ sí ìlú ọba. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láyé mi, mi ò pè é lórúkọ rí, mi ò sì kí i lóòró rí.

Àwọn ilé àdúgbò wọn jọra bí búrẹ́dì tó jáde nínú agolo kan náà. Lucía ló ṣí ilẹ̀kùn. Bọ̀dá dúró lẹ́yìn rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti rù. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀. Mò ń retí kó ní, "Bọ́sẹ̀, dìde." Ó wò mí títí.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Kí lẹ máa mu?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀! Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí omijé fi bọ́ lójú mi. Kí n tó dìde, ó ti kọjú síta láti lọ wá nǹkan tí àlejò máa mu. Lucía kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Cayo," ó ní, bó ṣe ń gé Káyọ̀dé kúrú, "siéntate." Bọ̀dá mi yí padà, ó sì jókòó. Títí ló sọ fún mi pé jókòó ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Inú mi tún bàjẹ́ sí i. Ìyàwó ló ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé "jókòó" lójú mi.

Ìyàwó wa

Cartagena, ìlú kan létí òkun ní Colombia, ni wọ́n ti bí Lucía, èdè Sípéènì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Òun àti Bọ̀dá ti jọ gbé pẹ́ débi pé Bọ̀dá gbọ́ èdè náà yékéyéké. Láti àárọ̀ ni ìyàwó wa ti ń rán an létí nǹkan. Bó bá jáde nílé ìwẹ̀: "Apaga la luz," pa iná. Bó bá wọlé láti ẹ̀yìnkùlé: "Cierra la puerta," ti ilẹ̀kùn. Bí oúnjẹ bá kù díẹ̀ kó dé: "Lávate las manos," fọ ọwọ́ rẹ. Bó bá dé: "Come," jẹun. Lẹ́yìn náà: "Tómate la pastilla," lo oògùn rẹ. Kò sí jọ̀ọ́, kò sí ẹ, kò sí olówó orí mi. Bọ̀dá a sì ṣe é, nígbà mìíràn á tún rẹ́rìn-ín sí i.

Mo fara dà á, ó sú mi, mo bá sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, tèmi jẹ́ ti inú ọjà, tirẹ̀ ń yí lórí ahọ́n. Mo ní, "Ìyàwó wa, nílé wa, ìyàwó kì í pàṣẹ fún ọkọ. Àwa àbúrò gan-an, a ò jẹ́ dán an wò."

Ó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń lò. Wọn a dín in, wọn a gbé e sílẹ̀, wọn a fi ìdí àwo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọn a tún dá a padà sínú òróró. Wọn a wá fi jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní irú ìyà wo lèyí tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń bù kún un. Búrẹ́dì wọn nìkan ni mi ò lè yìn. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, kò sì dùn lẹ́nu. Bí mo bá gbé irú rẹ̀ jáde ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n á dá a padà fún mi.

"Sístà," Lucía dáhùn, "lọ́dọ̀ wa, àlejò la ń bẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ tiwa la ń sọ fún pé jókòó, jẹun, fọ ọwọ́ rẹ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Cayo, ó máa rò pé ilé onílé lòun wà. Ẹ kọ́ ọ kí n tó lọ sí ọsíbítù, mo bẹ̀ yín."

Mo kọ́ ọ. Á wí, mo máa wí tẹ̀lé e, títí ahọ́n mi fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo sọ nínú ara mi pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ti ẹnu mi jáde sí Bọ̀dá. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Mo gbà pé Yorùbá máa tó wa.

Èmi àti òun

Ọjọ́ tí wọ́n gba Lucía sí ọsíbítù, Títí tẹ̀lé e, ó wá ku èmi àti Bọ̀dá nínú ilé. Mo bu omi sí kọ́ọ̀bù, mo di oògùn mú, mo kúnlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lo oògùn yín."

Ojú rẹ̀ là. "Bọ́sẹ̀!" ó ní. "Gbé e síbẹ̀. Sáré lọ wo ìkòkò Ìyá lórí iná, kó má jóná."

Kí ni kí n wí fún yín? Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ mí. Mo sáré lọ sílé ìdáná tí kò sí ìkòkò Ìyá níbẹ̀, mo sunkún ayọ̀, mo nu ojú, mo sì padà wá jíṣẹ́ pé kò jóná. Ó ní kí n lọ pọnmi. Mo lọ ṣí ẹ̀rọ omi, mo tì í, mo padà wá. Ó ń bi mí léèrè àwọn ará ilé wa tó ti kú tipẹ́, mo ní wọ́n wà, wọ́n ní kí n kí i. Odidi ọjọ́ yẹn ni mo fi jẹ́ ọmọdé ní agbo ilé wa, inú mi sì dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ṣùgbọ́n oògùn ṣì wà nílẹ̀. Kò lò ó. Kò wẹ̀, kò sì pààrọ̀ aṣọ. Bí mo bá tún bẹ̀ ẹ́, á lejú mọ́ mi: "Ìwọ Bọ́sẹ̀, ta ló rán ọ sí mi?" Ó sì tọ̀nà. Àbíkẹ́yìn kì í sọ fún Dáwódù pé kó lọ wẹ̀. Ní èdè Yorùbá, àkọ́bí ni, òun ló ń rán 'ni níṣẹ́. Èdè ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Mo rí i kedere, ṣùgbọ́n adùn pé ó ń pe orúkọ mi kò jẹ́ kí n gbà.

Mínírà

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, a fẹ́ lọ wo Lucía. Aládùúgbò wọn kan, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó jẹ́ òyìnbó, ló fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Mo wọ ìró àti bùbá mi tó dáa, mo we gèlè, mo wọlé lọ kí Bọ̀dá. Mo kúnlẹ̀ bó ti yẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí Bọ́sẹ̀. Ìyá àgbà kan tó wọṣọ iyì, tó sì kúnlẹ̀, ló rí. "Ẹ káàbọ̀, Màmá," ó ní. "Ẹ jókòó, mò ń bọ̀." Mo rò pé ilé ìtọ̀ ló ń lọ. Mo lọ po tíì. Nígbà tí mo jáde, ilẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀ gbayawu, òjò ń fẹ́ wọlé.

Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa. Aládùúgbò náà pe ọlọ́pàá, ó ní kí n wọ ọkọ̀, a sì ń wá a kiri. Gbogbo ẹni tí a bi ló dúró dá wa lóhùn nínú òjò. Obìnrin kan tó ń kó ajá rìn tilẹ̀ fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, ó bá wa wo ẹ̀yìn àwọn ilé. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọmọbìnrin tó ń tajà ní bàbá kan tó wọ sílípáàsì wọlé, ó ní òun fẹ́ ra mínírà nítorí òun ní àlejò. Ọmọ náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá bínú, ó sì gba ọ̀nà Parsloes lọ.

Mínírà! Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń ṣí fún àlejò nílé bàbá wa nígbà náà. Èmi ni àlejò yẹn. Nítorí èmi ni arúgbó fi ń rin inú òjò.

A rí i ní páàkì Parsloes, lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá títì, ó ń gbọ̀n, sílípáàsì rẹ̀ ti rin gbingbin. Mo sáré tọ̀ ọ́, mo kúnlẹ̀ sórí koríko tútù. "Bọ̀dá, ẹ foríjì mí, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká relé."

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Mi ò tíì rí mínírà. Ẹ padà sílé, ẹ dúró dè mí." Ó sì dìde, ó kọrí sójú títì tí ọkọ̀ ti ń sáré. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi." Ó rọra yọ ẹsẹ̀, ó ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni mo ṣe ń di àlejò sí i.

Mo bá dìde. Mo já gèlè lórí. "Cayo!" mo ké. "Ven acá!" Wá síbí! Ó dúró ní etí títì gan-an. Ó yíjú padà. Mo na ọwọ́ sí i. "Dame la mano," fún mi lọ́wọ́ rẹ. "Vamos a la casa," ká lọ sílé. Ó padà wá, ó fún mi lọ́wọ́ tó ti tutù bí omi inú fíríìjì, ó sì tẹ̀lé mi.

Ibẹ̀ ni Ìyá Àdúrà wà, lábẹ́ ibùdókọ̀, pẹ̀lú àpò ọjà rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa ni, àgbà sì ni nínú ìjọ Aládùúrà tí Bọ̀dá ń lọ. "Há! Sístà!" ó ní. "Ẹ̀gbọ́n yín lẹ ń já lórúkọ bẹ́ẹ̀ yẹn? Lójú títì? Mi ò gbọ́ Spanish o, but that tone, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Olúwa ń gbọ́."

"Ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn, Ìyá Àdúrà," mo ní. Ó ṣí i fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lọ.

Nílé, mi ò tún bẹ̀bẹ̀. "Quítate la ropa mojada," bọ́ aṣọ tútù yẹn. "Sécate," nu ara rẹ. "Siéntate. Come. Tómate la pastilla." Ó ṣe gbogbo rẹ̀, láìjanpata. Láti ọjọ́ náà, mi ò kúnlẹ̀ mọ́, mi ò sì fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí mi ò mọ èyí tó máa sọ mí di Bọ́sẹ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tó máa sọ mí di àlejò. Òun náà kò tún pe orúkọ mi. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lọ́jọ́ ìsinmi

Ìjọ wọn wà ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Village, ní Dagenham níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọnú ilé Ọlọ́run. Bọ̀dá ti ki ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan bọlé, gbogbo ojú ti wà lára wa. Mo gbé ojú mi sórí ògiri. "Quítate los zapatos," bọ́ bàtà rẹ. Ó bọ́ ọ. Àwọn ìyá tó wà níwájú kùn, ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn ní, "Rah, Auntie's not playing," wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Àdúrà wá bá mi. Mo ti múra ìjà.

"Ṣé ó ń jẹun?" ó bi mí.

"Ó ń jẹun."

"Oògùn ńkọ́?"

"Ó ń lò ó."

Ó wo Bọ̀dá, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó mọ́, tí irun rẹ̀ gún. Ó mí kanlẹ̀. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ó ní. "Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀. But I've already called home o. Mo ti sọ fún wọn." Ẹ ti wá mọ ẹni tó sọ fún yín. Mi ò bínú sí i. Ohun tó rí ló sọ.

Obìnrin láti káńsù

Obìnrin tí káńsù rán wá jẹ́ onísùúrù. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí n tó sọ fún un, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó ní òun fẹ́ jókòó wò wá bí a ṣe ń ṣe ní ọ̀sán. Títí wà níbẹ̀, ó ń jẹ èékánná rẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí obìnrin yìí bá rí lónìí ni yóò sọ bóyá Lucía á bá ọkọ rẹ̀ nílé.

Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìdákẹ́jẹ́, bí Lucía ṣe ń sọ ọ́. Bọ̀dá fọ ọwọ́, ó jẹun, ó lo oògùn, ó pa iná ilé ìdáná. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "No salgas," má jáde, ó sì padà wá jókòó.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó nawọ́ sí mi, ó bi Bọ̀dá pé, "Who's this lady, Káyọ̀dé?"

Bọ̀dá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mò ń fi gbogbo ara retí orúkọ mi.

"She lives here," ó ní.

Obìnrin náà ní ìyẹn tó òun. Ó ní kò sídìí láti gbé e lọ síbì kankan, kí a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí Lucía á fi gbádùn, àwọn á sì máa wá wò ó. Títí bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi. "Auntie, ẹ ṣé, ẹ ṣé." Mo ní kó dákẹ́. Mo lọ sílé ìdáná, mo fọ àwo tí Bọ̀dá fi jẹun. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, mi ò sì mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ìdágbére

Lucía padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè gun àtẹ̀gùn, mo sì dúró tì í títí ó fi lè ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ láti orí àga, mo sì mọ̀ pé ó tó àkókò kí n lọ sídìí iná bẹ́kárì mi.

Ọjọ́ tí mò ń bọ̀, ọkọ̀ ti dúró níta. Lucía fọwọ́ gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń pè mí ní sístà mi, sístà mi. Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dàgbà, àìsàn ń jẹ ẹ́, ọ̀nà sì jìn. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n má rí i mọ́ láyé. Orúnkún mi fẹ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí láti fi bàbá ẹni sílẹ̀ láì kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀, ó máa jáde lọ wá nǹkan tí àlejò máa mu, Lucía kò sì lè sáré tẹ̀lé e.

Mo dúró lóòró níwájú rẹ̀. Mo tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe. "Cuídate, Cayo," mo ní. Tọ́jú ara rẹ.

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti tì tán, mo kúnlẹ̀ lórí òkúta ẹnu ọ̀nà níta níbẹ̀, eékún méjèèjì. Mo kí i bó ti yẹ kí n kí i, pẹ̀lú oríkì rẹ̀ àti ti bàbá wa. Dẹrẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó bi mí bóyá nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá. Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń kí.